Imú Tírélà Ni Kí Ẹ Wò

Bí ọkọ̀ oníjókòó méjì, irú Mazda MX-5 tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, bá gba Boulevard de l'Indépendance kọjá ní Libreville pẹ̀lú tírélà kékeré nídìí, ẹ̀rín ni àwọn ará ìta á kọ́kọ́ fi ṣe. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lè gbé e. Bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn rárá. Tírélà tí mo ń wí kì í ṣe ti oníkọ̀ńténà tó ń jáde láti èbúté Owendo o. Èyí tó ní táyà méjì péré ni, tí wọ́n fi ń gbé jet-ski tàbí ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sétí omi lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè sọdá sí Pointe-Denis.

Ẹ jẹ́ ká ní tírélà ọ̀hún àti ẹrù orí rẹ̀ jẹ́ 300 kílò. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, agbára tó lè gbé nǹkan bíi kílò 5 ti tó láti mú un yí. Ọmọdé lè tì í. Ṣùgbọ́n òkè pọ̀ ní Libreville, bó bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń fi mítà 1 ga nínú mítà 10, yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹrù 30 kílò. Ìyẹn kò pa ẹ́ńjìnnì. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ ìyà rẹ̀, pàápàá bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká yín mọ́ orí òkè, tí ẹ ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró nígbà tí bíréèkì ọwọ́ wà níbẹ̀.

Imú tírélà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, níbi tó ti gun bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí ọkọ̀. Ní Yúróòpù, mílímítà 50 ni ìbú bọ́ọ̀lù yìí. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó kéré sí ti Yúróòpù, nítorí náà ẹ yẹ bọ́ọ̀lù tó bá ti Amẹ́ríkà wá wò dáadáa: orí ìkọ́ tó bá tóbi ju bọ́ọ̀lù lọ lè fò yọ ní kòtò àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke rí ti mọ ìyókù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù ní òdìkejì táyà, ọwọ́ ọmọlanke á fò sókè, á fẹ́ gbé ẹni tó dì í mú. Bó bá pọ̀ jù níhà ọwọ́, apá á ro ó. Aláàárù tó mọṣẹ́ á to ẹrù kí ọwọ́ ọmọlanke lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ohun tí bọ́ọ̀lù ọkọ̀ ń fẹ́ náà nìyẹn. Ní Yúróòpù, wọ́n sábà máa ń ní kí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà jókòó lé bọ́ọ̀lù. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 10 sí 15 ni wọ́n ń sọ. Fún tírélà tiwa yìí, kílò 15 sí 45 nìyẹn. Ẹ gbé imú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara nílé, kí pákó gbé òṣùwọ̀n náà ga tó bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí iye tó jẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀? Nítorí tírélà tí ìdí rẹ̀ wúwo ju imú lọ a máa jó. Takisí kan á sáré kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á ti tírélà, ìdí á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì. Bí imú bá wúwo tó, ìfì náà á máa kéré sí i títí yóò fi tán. Bí kò bá tó, eré kan wà tí ìfì kejì á fi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta á ju ìkejì, títí tírélà á fi gba ìdí ọkọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má tẹ bíréèkì le nígbà náà, ẹ má sì fi eré kún eré. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ di sítíárì mú gbọnin. Ohun tó wúwo jù nínú ẹrù, orí táyà ni kó wà, kì í ṣe ìpẹ̀kun méjèèjì.

Níbí ni ọkọ̀ kékeré ti ya èèyàn lẹ́nu. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn MX-5 jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.3. Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní mítà 0.9 lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ẹrù 30 kílò tó jókòó lé e yóò gbé bíi kílò 12 kúrò lórí táyà iwájú. Ẹ wá mú píkọ́ọ̀pù gàgàrà tí àárín táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 3.1, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì yọ sẹ́yìn ní mítà 1.2: kílò 12 náà ni. Ìdí kúkúrú ló gba ọkọ̀ kékeré là. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì MX-5 sì ń yí, níbi tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé tí Mazda ń kó fún àwọn oní-MX-5 ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé wọn kò ṣe ọkọ̀ náà láti fa tírélà. Fún tokunbọ̀ tó ti Yúróòpù dé, ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: nọ́ńbà mẹ́rin wà lórí irin pẹlẹbẹ kan. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Ìkejì ni ti ọkọ̀ àti tírélà pa pọ̀. Méjì tó kù jẹ́ ti táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ìkejì, tàbí tó dọ́gba pẹ̀lú àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. F.2 àti F.3 nínú ìwé ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé ń sọ ohun kan náà. Wẹ́dà lè rọ ìkọ́ tó lè fa erin. Ara ọkọ̀ tí wọ́n jó o mọ́ ni kò ṣe fún un.

Tírélà kékeré báyìí kì í sábà ní bíréèkì tirẹ̀. Òfin Yúróòpù gbà á láyè títí dé 750 kílò, bí kò bá ti ju ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń fà á lọ. MX-5 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kílò lọ, nítorí náà bíréèkì rẹ̀ nìkan ló ń dá bíi 1,300 kílò dúró, nínú ìlú tí òjò rẹ̀ ń kọjá mílímítà 2,500 lọ́dún. Láti eré 60 sí 80, iṣẹ́ bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èmi kò ní kọjá 60 nínú òjò.

Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ fa wáyà iná tírélà yọ, kí ẹ sì dúró bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó tì í wọ omi. Bẹ́ríǹ táyà ti gbóná lọ́nà. Bí omi tútù bá kàn án lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi iyọ̀ wọlé. Ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan án nígbà tí ẹ bá délé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi ìka kan gíríìsì: bó bá ti funfun bíi wàrà, omi ti dé ibẹ̀, kí mẹkáníìkì pààrọ̀ gíríìsì àti rọ́bà tó ń dínà omi, níhà méjèèjì.