Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ Sóko: Fún Ẹni Tó Ń Gba Oògùn Ikọ́ Ife

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ti ní káàdì ìtọ́jú ikọ́ ife lọ́wọ́, tó sì fẹ́ lọ sinmi ní abúlé títí ara yóò fi le. Ẹ lè lọ. Oko dára fún ẹni tí àyà ń dùn: afẹ́fẹ́ ń fẹ́, oòrùn ń ràn, èèyàn 8 kì í sì í há sínú yàrá kan. Ẹni tí kò tíì lo oògùn pé ọ̀sẹ̀ 2 ni kó ṣì dúró ná, kó má baà kó ikọ́ ran àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ láìgba ìwé tìráńsífà, èyí tí ẹ ó fi máa gba oògùn yín lọ níbi tí ẹ ń lọ.

Ìwé tìráńsífà

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwa òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà ìlera nìyí. Èèyàn á lo oògùn fún oṣù kan tàbí méjì, ikọ́ á rọlẹ̀, ṣòkòtò tó ti ń jábọ́ nídìí rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Á ní ara òun ti yá, á wọkọ̀. Nígbà tí oògùn ọwọ́ rẹ̀ bá tán, kò mọ ibi tí yóò ti gba òmíràn, ojú á sì máa tì í láti padà wá bá wa. Bàbá kan padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 11. Wọ́n di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tútù wá fún àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́ ẹ̀fọ́ náà ni káàdì wọn wà, nínú ọ̀rá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ikọ́ sì ti padà. Ńṣe la tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn yẹ̀ wò, tí ìtọ́jú sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Oṣù 6 ni oògùn yìí. Oṣù 2 àkọ́kọ́, oògùn 4 ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan. Oṣù 4 tó kù, oògùn 2. Oṣù 2 ìṣáájú ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò àrùn náà, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi ń lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù sá pamọ́ ni, kò tíì kú. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ó lè tún gbérí, oògùn yìí sì lè má ràn án mọ́.

Torí náà, ó kéré tán ọjọ́ 5 kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wá bá wa ní sẹ́ńtà. Ẹ mú káàdì wá, ẹ mú oògùn tó ṣẹ́ kù, kí ẹ sì mọ orúkọ abúlé náà àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà. A ó wá sẹ́ńtà ìlera tó ń fúnni ní oògùn yìí nítòsí ibẹ̀, a ó pè wọ́n, a ó kọ ìwé, a ó sì fún yín ní oògùn tí yóò gbé yín débẹ̀. Ojú ewé kan péré ni ìwé náà, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ fún wọn irú oògùn tí ẹ ń lò, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìwé tìráńsífà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì, tó ní òun máa bá yín gbà á kíákíá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá sì ti lọ láìsọ, ẹ mú káàdì yín, kí ẹ lọ sí sẹ́ńtà tó wà nítòsí yín lónìí. Ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jà.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé

Bí ẹ bá dé oko, ẹ má tíì kọ ebè iṣu. Tẹ̀tẹ̀, tí ẹ lè já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú àti ata díẹ̀ ti tó. Ẹ jókòó lórí àpótí ní àárọ̀ kí ẹ fi ọkọ́ kékeré tu koríko. Bí mímí bá ti ń nira, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ̀fọ́ nìkan ò sì tó. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja tì í.

Àgbo, ẹmu àti ìtọ̀ pupa

Ìtọ̀ yín yóò pọ́n bí ọsàn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, oògùn ló ń pa á láró. Ẹ ti sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú, kí wọ́n má baà gba oògùn lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá gbé àgbo wá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má mu ún. Ẹ má sì mu ẹmu. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń ru ẹrù oògùn yìí, ẹ má dì kún un. Bí ẹyinjú yín bá ń yí sí yẹ́lò, tàbí tí ẹ ò ríran dáadáa, ẹ lọ sí sẹ́ńtà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn láàárọ̀, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ti ọjọ́ náà nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má lo méjì pọ̀.