Ǹjẹ́ Nǹkan Lè Ṣẹlẹ̀ Láìnídìí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ohun gbogbo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW).

Ẹ̀yin ará wa ní Emùré-Ilé, àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú lójijì, ohùn méjì la máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní, "Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni." Ẹlòmíì á ní, "Ìyá àgbà yẹn ló pa á." Méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wo Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí wa. Ní 1971, Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Lájà, ó rí àwọn ère amọ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 500 ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó mọ wọ́n. Síbẹ̀, ta ló jẹ́ sọ pé amọ̀ fúnra rẹ̀ ló dìde tó di orí ènìyàn? Pé a ò mọ okùnfà kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Orí èyí náà ni Suratu Tur, aaya 35, dá lé, níbi tó ti bi àwọn alátakò léèrè bí wọ́n ṣe dáyé. Ohun tí kò sí kò lè dá ara rẹ̀. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ á ní: ta ló wá dá Ọlọ́hun? Èsì rẹ̀ ni pé ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ la ń wádìí okùnfà rẹ̀. Ọlọ́hun kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo onígbèsè bá ní ó dìgbà tí ẹlòmíì bá san fún òun, láìlópin, owó kò ní jáde láé.

Àwọn àáfà àgbà náà jiyàn lórí bí okùnfà ṣe ń ṣiṣẹ́. Al-Ghazali, tó kú ní 1111, ní bí iná bá kan owú, ìpàdé wọn nìkan la rí. Ọlọ́hun ló dá jíjó náà. Ibn Rushd, tó kú ní 1198, ní ẹni tó bá kọ okùnfà ti kọ làákàyè. Ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn méjèèjì tó ní owú jó lásán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ibà sí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ burúkú kí Ronald Ross tó rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀fọn ní 1897. Ẹ̀fọn ti ń jẹ wá kí á tó mọ̀. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Bí a ò bá mọ ìdí, ká ní Ọlọ́hun ló mọ̀ jù, ká máa wá a, ká má sì purọ́ mọ́ aládùúgbò.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye. Àmín.