Tírélà tó gba ọ̀nà méjì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ìwà ìkà

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá lójoojúmọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tírélà kan á tan iná tráfíkétọ̀ pé apá ọ̀tún ni òun ń yà sí, á wá lọ dúró sí agbede méjì ọ̀nà méjì, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Họ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, fóònù ti jáde, fídíò ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa sì ti ń bú awakọ̀ náà ní wèrè.

Ẹ fara balẹ̀ ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló mọṣẹ́ jù nínú gbogbo yín lójú títì lọ́jọ́ yẹn.

Tí tírélà bá ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipasẹ̀ táyà iwájú. Inú ló máa ń gé gbà. Orí ọkọ̀ lè ti kọjá tán, àmọ́ ara tó gùn gbọọrọ yẹn ṣì ń fà wọ inú kọ́nà díẹ̀díẹ̀, ohunkóhun tó bá sì wà láàárín rẹ̀ àti etí títì, ó parí nìyẹn. Ọ̀kadà ni o, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni o, ọmọ tó ń ta gálà ni o. Apá òsì ni awakọ̀ jókòó sí, nítorí náà apá ọ̀tún yẹn gan-an ni dígí rẹ̀ kì í ká dáadáa. Awakọ̀ tó mọ èyí á kọ́kọ́ fi ara ọkọ̀ dí àyè náà pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ́ wọ ibi tí ikú wà. Lójú wa, ìgbéraga ni. Ẹ̀mí wa ló ń dáàbò bò.

Ìgboyà ni mo pe irú ìwakọ̀ yìí. Jàgídíjàgan yàtọ̀ sí i pátápátá. Onígboyà á ti tan iná ṣáájú, á ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohun tó fẹ́ ṣe á hàn sí gbogbo èèyàn, á sì kúrò lọ́nà tó bá ti ṣe tán. Oníjàgídíjàgan á tẹ họ́ọ̀nù, á ti imú ọkọ̀ bọ iwájú yín, ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa sá. Kọ̀ntéínà tó gùn ní 40 ẹsẹ̀ bàtà lè wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù tí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Corolla yín ò ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ bá a du ọ̀nà?

Àyè iwájú ọkọ̀ ló wá jẹ́ ogun gidi. Afẹ́fẹ́ ni bírékì tírélà ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì. Tí awakọ̀ bá tẹ bírékì, afẹ́fẹ́ yẹn lè lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé táyà ẹ̀yìn kó sì dì í mú. Tó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti rin mítà mẹ́jọ kí bírékì tó ṣiṣẹ́ rárá. Ìyẹn gùn ju dánfó kan lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàápàá, tó bá ń tẹ bírékì lemọ́lemọ́, afẹ́fẹ́ inú táǹkì á máa dínkù. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó gbọ́n fi máa ń wà nínú gíà kékeré, tí á máa yí bọ̀ jẹ́jẹ́, tí á fi àyè ńlá sílẹ̀ níwájú.

Kí làwa ń ṣe sí àyè yẹn? Dánfó á wọ̀ ọ́. Awakọ̀ á fà sẹ́yìn. Takisí orí fóònù á wọ̀ ọ́, á tún fà sẹ́yìn. Ní ìgbà kẹwàá, ọkùnrin náà á ní ó tó gẹ́ẹ́, á lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú, ibẹ̀ sì ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kó tún fà sẹ́yìn ní ìgbà kọkànlá. Ọkọ̀ mọ́kànlá tó bọ́ síwájú rẹ̀ nínú gó-slò ò lè gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntéínà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí ọkọ̀ kan, èèyàn mẹ́ta kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn tún já níbẹ̀, orí ọkọ̀ èrò ló bọ́ sí. Mẹ́sàn-án kú. Afárá kan náà o! Irin mẹ́rin ló yẹ kó de kọ̀ntéínà mọ́ ara tírélà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, twist lock ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá sí irin yẹn, tàbí tí wọn ò tì í, kò sí ọgbọ́n ìwakọ̀ tó lè gba ẹnikẹ́ni lórí afárá tó tẹ̀.

Mo ka ìwé òfin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Tí awakọ̀ bá fi àìbìkítà pa èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́, kó san owó gbà-máà-bínú. Àwọn mọ̀lẹ́bí kì í sábà mọ̀ bẹ́ẹ̀; awakọ̀ tó ti sá lọ ni wọ́n ń wá kiri. Tí oníkòròpé bá sì já wọ iwájú tírélà lójijì, ilé ẹjọ́ lè pín ẹ̀bi náà, kí òun náà gba tirẹ̀.

Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ní kí tírélà má rìn nínú ìlú láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, yàtọ̀ sí táńkà epo àti ọkọ̀ èrò. A ṣì ń rí wọn ní ọ̀sán gangan, ṣebí? Èyí tó sì pa òfin mọ́ lára wọn, òru ló ń wakọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní èbúté ní oṣù kejì ọdún 2021 wà lára ohun tí wọ́n fi fẹ́ kó wọn kúrò lórí afárá, níbi tí wọ́n ti ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ẹni tó bá ń san owó fún awakọ̀ ní iye ìgbà tó bá lọ tó bá bọ̀, eré ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá rí ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ohun kan ni mo fẹ́ bi í: ìgbà wo ló jókòó sínú orí tírélà tirẹ̀ kẹ́yìn, láti Mile 2 wọ Àpápá, ní aago méjì òru?