Fáyólìn Ṣáínà: Ta Ló Ní Kò Dùn?

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣe mọ́ o."

Àbúrò mi obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó gbé fáyólìn rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi bí ẹni tó sọ ẹrù tó ti sú u kalẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbàkígbà tó bá ti fa okùn kejì, ńṣe ni nǹkan náà máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí láti ọdún mélòó kan. Olùkọ́ wọn yọjú wo inú rẹ̀, ó ka lébẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣáínà ni. Kí lẹ tún ń retí?" Ó ní ká lọ wá ojúlówó ti Yúróòpù. Iye tó dárúkọ ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún kan lọ.

Èmi ò mọ fáyólìn ta o, ẹ má bi mí. Físíìsì ni mò ń kà, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà gbọ̀n sì ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbólóhùn yẹn fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. "Ṣáínà" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Igi ò mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Tí fáyólìn kan bá ń ké bí ilẹ̀kùn, nǹkan kan pàtó wà lára rẹ̀ tó fà á, ó sì yẹ kéèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí nǹkan ọ̀hún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀. Ohun tí mo rí pọ̀ ju ohun tí mo ń wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí okùn bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji rí ti mọ ohùn gòjé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára gòjé náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára fáyólìn, òun náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ lára erhu, ohun èlò olókùn méjì tí wọ́n ń fi awọ òjòlá bò lójú, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ta tipẹ́tipẹ́ kí fáyólìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá, tí wọ́n ti fi oje igi tó dì pa, yóò di okùn mú, yóò fà á lọ díẹ̀, okùn á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sá padà, irun á tún gbá a mú. Dì í mú, jù ú sílẹ̀, dì í mú, jù ú sílẹ̀. Lórí okùn A, ìgbà 440 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1863: okùn náà kì í tẹ̀ bí ọrun ọdẹ bí ojú ṣe ń rí i, ó máa ń ní igun kan tó mú ṣáṣá, igun ọ̀hún á sì máa sáré lọ sáré bọ̀ láti ìpẹ̀kun okùn kan sí èkejì.

Ṣùgbọ́n okùn nìkan ò lè pariwo. Ó tín-ín-rín jù, afẹ́fẹ́ kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ara igi ló ń ṣe iṣẹ́ ariwo. Okùn jókòó lórí afárá, ìyẹn igi pẹlẹbẹ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó dúró láàárín fáyólìn. Nínú ikùn fáyólìn, lẹ́bàá ẹsẹ̀ kan afárá yìí, òpó kékeré kan wà tó dúró láàárín pákó iwájú àti pákó ẹ̀yìn. Kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Gọ́ọ̀mù kankan ò dì í mú. Fífún tí pákó méjèèjì fún un ló mú un dúró. Àwọn Faransé ń pè é ní âme, ìyẹn ọkàn, orúkọ náà sì bá a mu. Òpó yìí ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ afárá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè rìn dáadáa, ẹsẹ̀ kejì á wá máa lọ sókè sódò, á máa gún pákó iwájú bí ẹni ń gún iyán. Bí pákó bá ṣe ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú fáyólìn náà á máa wọlé máa jáde gba ihò méjì tó dà bí lẹ́tà f. Ẹ ti fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sórí ìgò rí, àbí? Ohùn "hùùù" yẹn, fáyólìn náà ní tirẹ̀. Ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 270 sí 280 Hz, òun ló sì ń ti àwọn ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn.

Òpó yìí, tó bá fi ìdajì mìlímítà kúrò níbi tó yẹ kó wà, ohùn á yí padà. Tó bá ṣubú, ohùn á ṣófo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní ti igi, pákó iwájú máa ń jẹ́ spruce, pákó ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ máa ń jẹ́ maple. (Pákó dúdú tí ìka ń tẹ okùn mọ́, ebony ni, Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń gé e.) Spruce fúyẹ́, ó sì le. Tí ohùn bá ń tọ ojú ìlà igi náà lọ, eré tó ń sá á tó nǹkan bíi 5,000 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 340 mítà péré ni. Tó bá dábùú ìlà igi, eré náà á dínkù gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn rèé: bí pákó ṣe nípọn tó. Pákó iwájú fáyólìn dáadáa kì í sábà ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Káfíńtà lè ní, "Mẹ́ta àbí mẹ́ta dín díẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn án o. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí pákó ṣe máa le tó láti tẹ̀, nínípọn rẹ̀ lẹ máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí wọ́n bá ha pákó 3.0 mìlímítà di 2.7, ìwọ̀n rẹ̀ á dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ á dín ní ìdá 27. Ẹ ṣe é lórí fóònù yín: 0.9 × 0.9 × 0.9 = 0.729. Ohùn tí pákó náà ń fọ̀ tí wọ́n bá fi ìka kàn án á wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 10, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo tó wà láàárín dò àti rè. Nínípọn bébà mẹ́ta péré ló fa gbogbo ìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fọwọ́ ṣe fáyólìn fi máa ń ha díẹ̀, á gbé pákó sétí, á fi ìka kàn án, á tẹ́tí, á tún ha díẹ̀ sí i. Kò sí igi méjì tó rí bákan náà. Ẹ̀rọ tó bá gé gbogbo pákó sí ìwọ̀n kan náà, igi kan á le jù, òmíràn á rọ̀ jù. Mi ò ní ẹ̀rọ burú o, kò kàn ní etí ni.

Ó wá kan Ṣáínà. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu tí wọ́n ń pè ní Huangqiao, lábẹ́ Taixing. Àwọn oníṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ní fáktírì fáyólìn ní Shanghai ló gbé iṣẹ́ náà débẹ̀ láyé àwọn ọdún 1960 àti 1970. Lónìí, fáyólìn tó ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Donggaocun, ní àgbègbè Pinggu lẹ́bàá Beijing, náà ń ṣe é. Queshan sì wà ní ìpínlẹ̀ Henan, níbi tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Beijing ti padà wálé wá dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Fáyólìn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá rí nílé ìtajà l'Ékòó, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Ṣáínà náà ló ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n pín in láàárín ara wọn: ẹnì kan ń gbẹ́ orí fáyólìn tó ká bí ìkarahun ìgbín láti àárọ̀ títí di alẹ́, òmíràn ń tẹ ẹ̀gbẹ́ lórí irin gbígbóná, òmíràn ń ha pákó, òmíràn ń kun fánìṣì. Ẹni tó bá ti gbẹ́ orí yẹn fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á mọ ọ̀nà lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ha pákó lè má gbọ́ ohùn fáyólìn náà láéláé, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kéèyàn ha pákó dé 2.7 gba àkókò, àkókò sì lowó. Tí oníbàárà láti òkè òkun bá ní iye báyìí péré lòun máa san, ibi tí ojú ò rí ni wọ́n á ti dín iṣẹ́ kù. Wọ́n á fi pákó sílẹ̀ kó nípọn. Wọ́n á da fánìṣì bò ó bí ẹni ń kun tábìlì. Wọ́n á lo igi tí kò tíì gbẹ dénú, tí irú igi bẹ́ẹ̀ bá sì wá pàdé ọyẹ́ ilé wa, á súnkì, á là.

Bẹ́ẹ̀, ní orílẹ̀-èdè kan náà lẹ ó ti rí ẹni bíi Zheng Quan. Ní 1983, ó lọ sí Cremona ní Ítálì, ìlú Stradivari gan-an, ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì padà sí Beijing láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fáyólìn ní Central Conservatory of Music. Lọ́wọ́ irú wọn, ẹnì kan ló ń ṣe fáyólìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje Violin Society of America, níbi tí wọ́n ti ń dájọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń dájọ́ ohùn lọ́tọ̀.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti fáyólìn "funfun". Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń ra fáyólìn Ṣáínà tí wọn ò tíì kùn. Wọ́n á kùn ún lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á fi afárá àti okùn sí i, wọ́n á lẹ lébẹ́ẹ̀lì tiwọn mọ́ inú rẹ̀. Ọmọ Huangqiao á di ọmọ Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye rẹ̀ á sì gbéra sọ.

Ẹ ó ní, ṣé etí ò ní mọ̀ ni? Ní 2010, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Indianapolis, Claudia Fritz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó fáyólìn mẹ́fà jọ: mẹ́ta tuntun, mẹ́ta àtijọ́, Stradivari méjì sì wà nínú àwọn àtijọ́ náà. Wọ́n ní kí àwọn olórin 21 dán wọn wò. Wọ́n dín iná kù, wọ́n fi ìgò dúdú tí àwọn wẹ́dà ń lò sí wọn lójú, wọ́n tún fi lọ́fíńdà díẹ̀ síbi tí àgbọ̀n ń gbé, kí òórùn igi má baà tú àṣírí. Tuntun kan ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èyí tí wọn ò fẹ́ràn rárá? Stradivari. Ẹ rántí pé Stradivari kan tí wọ́n ń pè ní Lady Blunt, wọ́n tà á ní 2011 ní iye tó ju mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ. Wọ́n tún irú ìdánwò yìí ṣe ní Faransé pẹ̀lú ògbóǹtarìgì 10, tuntun náà ló tún mókè. Ìdánwò ọ̀hún ò dá lórí Ṣáínà ní pàtó, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé orúkọ sábà máa ń wọ etí wa kí ohùn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹnì kan júwe bàbá kan fún mi n'Ìbàdàn tó ń tún gìtá àti fáyólìn ṣe. Èmi àti àbúrò mi gbé e lọ. Bàbá ò béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n mì í jẹ́jẹ́, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré bíi ti dókítà eyín wo inú rẹ̀.

"Òpó inú rẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ tì," wọ́n ní. "Afárá yìí náà, bó ṣe ti fáktírì wá ló wà. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án."

Wọ́n tú okùn, wọ́n ki irin kan tó tẹ̀ bí ejò bọ inú ihò f, wọ́n dá òpó dúró, wọ́n wò ó, wọ́n tún sún un díẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ dín afárá kù. Gbogbo ẹ̀ ò ju wákàtí méjì lọ, owó tí wọ́n gbà ò sì tó owó dátà mi olóṣù méjì.

Àbúrò mi fa okùn kejì. Kò ké. Ó tún un fà, ó wò mí. Ẹ má rò pé ó di Stradivari o: pákó rẹ̀ ṣì nípọn, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú yàrá kejì. Bàbá ní àwọn lè ṣí i kí àwọn ha inú rẹ̀, torí gọ́ọ̀mù awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, omi gbígbóná díẹ̀ á tú u. Mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ni fáyólìn ti ń ta á lọ ní tiẹ̀, kò gbọ́ wa mọ́.

Kí wọ́n tó dá okùn padà ni bàbá ti pè mí pé kí n wá wo nǹkan kan nínú dígí. Lábẹ́ pákó iwájú, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kan, 3.1, àti ọ̀rọ̀ Ṣáínà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jọ orúkọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣì wà lórí fóònù mi.