Ta Ló Ni Orin Yìí Gan-an?

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, orin sóòlù àtijọ́ kì í wọ́n lórí rédíò lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá á ní orin ìgbà tiwọn nìyẹn, ọmọ á ní inú fíìmù lòun ti gbọ́ ọ. Àmọ́ orin tí wọ́n ń jà lé lórí yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti wà lẹ́nu ẹlòmíì kó tó dé etí àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú "Respect". Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ Aretha Franklin, tó gbé e jáde ní 1967. Otis Redding ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sínú àwo "Otis Blue" ní 1965. Lẹ́nu Otis, ọkọ tó ti ibi iṣẹ́ dé ló ń bẹ̀ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun nínú ilé. Nígbà tó dé ọwọ́ Aretha, obìnrin ló wá ń sọ̀rọ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Erma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Carolyn àbúrò rẹ̀ ló ń gbè é.

Àwa tí a ń fi ìṣirò owó jẹun á béèrè pé: ta ló ń gbowó? Ní Amẹ́ríkà, bí rédíò AM tàbí FM bá gbé orin, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún, kì í ṣe ẹni tó fi ohùn kọ ọ́. Títí Aretha fi kú ní 2018, "Respect" tí àwọn rédíò yẹn ń gbé kò mú owó kankan wọlé fún un. Ní Ìlú Ọba níbí, àwọn méjèèjì ló ń gba tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe orin ní yàrá, ẹ kọ orúkọ yín àti déètì sí ohun tí ẹ bá ṣẹ̀dá o!

Erma náà ní ìtàn tirẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbé "Piece of My Heart" jáde ní 1967. Lọ́dún kejì, Janis Joplin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́, òkìkí sì bá tiwọn lọ. Ó di 1992, tí wọ́n fi ohùn Erma polówó ṣòkòtò jíìnsì lórí tẹlifíṣọ̀n níbí, kí orin náà tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba. Ọdún 25 gbáko!

Ẹ padà sórí "Otis Blue". Otis tí Aretha yá lórin, òun náà yá ti ẹlòmíì níbẹ̀: "My Girl", tí Smokey Robinson àti Ronald White ṣẹ̀dá fún The Temptations ní Detroit. Ti Temptations ń rọra ṣàn bí omi. Ti Otis, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ní 1966, Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì tó ń ṣeré n'Ìbàdàn, gbé "Super Afro Soul" jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ Modern Aces. "My Girl" wà nínú àwo náà, ó jókòó pẹ̀lú àwọn orin Yorùbá bí ará ilé kan náà.

Ọmọ wa tó bá ń rò pé òun gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú orin ilé àti orin òde, kó gbọ́ àwo yẹn. Bàbá tó bá ń pariwo pé ariwo lásán ni orin àwọn ọmọ, kó gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú orin kan, kí wọ́n wá ẹnu mẹ́ta tó ti kọ ọ́. Ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ àkọlé lára àwo. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin nìyẹn. Ẹ bi ìyá àgbà pé èwo ni wọ́n jó nígbà náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà níbí láti dáhùn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n tú fún yín.