GBÍGBIN HÓRÓ KÒKÓ SÍNÚ ÀPÒ NÍ ÌGBÀ ỌYẸ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rí i kí òjò rọ̀ dáadáa ní oṣù Karùn-ún, kí ilẹ̀ rọ̀, kí oko sì mọ́, síbẹ̀ kí ó má sí ọmọ kòkó kan lọ́wọ́ láti gbìn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá hóró kiri ní àkókò náà yóò pẹ́ kí ó tó gbìn, igi rẹ̀ yóò sì wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tí ì jìnnà nínú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ kòkó ni ó ń kú ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì kú ti pàdánù ọdún kan gbáko. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí, kí ẹ lè mọ̀ pé oko kòkó tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò bá dé, bí kò ṣe ní ìgbà ọyẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀.

1. ÌDÍ TÍ A FI Ń LO ÀPÒ

Àwọn baba wa a máa fi hóró 2 tàbí 3 sínú ihò kan nínú oko, wọn a sì fa àwọn tí ó bá pọ̀ jù tu lẹ́yìn tí wọ́n bá hù. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n èkúté, ìrẹ̀ àti ikán a máa jẹ nínú rẹ̀, koríko a sì máa bo ìyókù mọ́lẹ̀. Hóró tí a gbìn sínú àpò wà lábẹ́ ojú wa. Omi tí a bù fún un kò lọ sọ́dọ̀ koríko. Ibòji kan ni ó bo gbogbo wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá sì pé, a ó gbé ọmọ kòkó náà lọ sí oko pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó ti mọ́ ọn lára, láìfa gbòǹgbò rẹ̀ já.

2. KÍKA OṢÙ SẸ́YÌN

Ọmọ kòkó yẹ kí ó lo oṣù 4 sí 6 nínú àpò kí a tó gbé e lọ sí oko. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí oko, kí ẹ sì máa ka oṣù bọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, a jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni hóró gbọ́dọ̀ wọ inú àpò, kí ó lè lo oṣù 5. A jẹ́ pé kí àpò ti kún fún ilẹ̀ ní àárín oṣù Kejìlá, kí àtíbàbà sì ti dúró ṣáájú ìyẹn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

A mọ̀ pé ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń dí ní àkókò yìí, nítorí òun náà ni ìgbà ìkórè ńlá. Ṣùgbọ́n nítorí ìkórè náà gan-an ni èso tí ó gbó fi pọ̀ láti yàn nínú rẹ̀.

3. IBI TÍ ÀPÒ YÓÒ WÀ

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Odò tí ó kún ní oṣù Kọkànlá lè gbẹ ní oṣù Kejì, nígbà tí ọmọ kòkó ń fẹ́ omi jù lọ. Ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó fi igi kan gúnlẹ̀. Kí ibẹ̀ tẹ́jú, kí omi má lè dúró sí i, kí ewúrẹ́ má sì lè dé ibẹ̀.

Ẹ fi ọparun ṣe àtíbàbà tí ènìyàn lè nàró lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì oòrùn yóò fi máa wọlé. Ẹ fi imọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fa omi kúrò lára ewé ju oòrùn lọ nígbà mìíràn.

4. ÀPÒ ÀTI ILẸ̀

Àpò ọ̀rá dúdú tí ó gùn tó ínṣì 10, tí ó sì fẹ̀ tó ínṣì 5, ni ó dára. Bí ó bá kúrú jù, gbòǹgbò ńlá yóò ká jọ sí ìdí rẹ̀. Ẹ lu ihò kéékèèké sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ bu ilẹ̀dú láti abẹ́ igbó, kí ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì kún àpò dé etí. Ẹ tò wọ́n ní ìlà tí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láàrin ìlà kan àti èkejì.

Ní ti iye: bí igi kan bá jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gbogbo ọ̀nà, éékà kan yóò gba igi 435. Ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un nítorí àwọn tí yóò kú àti àwọn tí kò ní dára. Èyí jẹ́ àpò bí 540. Bí a bá rí hóró rere 30 nínú èso kan, èso 18 ni yóò tó. Ẹ wá 20.

5. HÓRÓ TÍ A Ó GBÌN

Hóró kòkó kò dà bí àgbàdo. Àgbàdo ni a lè sá gbẹ, kí a fi kọ́ sí òkè àdògán títí di ọdún tí ń bọ̀. Hóró kòkó tí ó bá gbẹ ti kú; oúnjẹ ni, kì í ṣe irúgbìn mọ́. Òtútù fìríìjì a sì máa pa á bákan náà. Nítorí èyí ni a kò gbọdọ̀ fọ́ èso kankan títí àpò, ilẹ̀, omi àti ibòji yóò fi ṣe tán. Inú èso ni kí hóró wà títí di ọjọ́ tí a ó gbìn ín.

Ẹ má ṣe mú èso láti ara igi àdàlù tí ó wà nínú oko yín, bí ó ti wù kí ó so tó, nítorí ọmọ irú igi bẹ́ẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń pèsè irúgbìn tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Wọ́n ti pèsè oríṣi kòkó tuntun, láti CRIN TC-1 títí dé TC-8.

6. BÍ A TI Ń GBÌN ÍN

Ẹ bomi rin ilẹ̀ inú àpò ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ fi kùmọ̀ fọ́ èso, kì í ṣe àdá, kí ẹ má baà gé hóró. Ẹ yọ àwọn tí ó fẹ́lẹ́ tàbí tí ó ti hù nínú èso kúrò. Ẹ fi eérú tàbí iyanrìn ra ìyókù kí omi dídùn tí ó yọ̀ lè kúrò lára wọn, nítorí òun ni ó ń pe èèrà. Ẹ fi hóró kan ṣoṣo sínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, tó ìdajì ínṣì. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ni yóò yọ sókè.

7. ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ máa bomi rin ín ní òwúrọ̀, pẹ̀lú agolo tí a lu ihò sí nídìí, kí omi má baà gbẹ́ hóró jáde. Kí ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kí ó má di ẹrẹ̀. Omi àpọ̀jù a máa fa ààrùn tí ó ń mú kí ewé àti igi ọmọ kòkó rà, ìbátan èyí tí ó ń sọ èso kòkó di dúdú ní ìgbà òjò. Èyí tí ó bá mú, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì sun ún, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó kù jìnnà síra, kí ẹ sì dín omi kù.

Nígbà tí ó bá ku oṣù kan kí ẹ kó wọn lọ sí oko, ẹ máa yọ imọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ojú oòrùn lè mọ́ wọn lára. Lóko pẹ̀lú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣe ibòji fún wọn gbọ́dọ̀ ti dàgbà ṣáájú. Ní ọjọ́ ìgbìn, ẹ la àpò kúrò láìjẹ́ kí ilẹ̀ tí ó di gbòǹgbò mú fọ́. Ẹ má ṣe gbin ọmọ kòkó tí ó ràn nítorí pé ẹ kò fẹ́ fi ṣòfò; ààyè igi rere ni yóò gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ rántí: omi, àtíbàbà, àpò àti ilẹ̀ ni ó ṣáájú; fífọ́ èso ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ètò yìí ní ìgbà ọyẹ́, ọmọ kòkó rẹ̀ yóò ti ṣe tán nígbà tí òjò bá dúró dáadáa, yóò sì ti ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé.