Kí Ló Ń Kùn Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Yìí?

Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, àwọn píkọ́ọ̀pù 504 tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti pákó wọ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta sì ti dàgbà. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, kíá ni awakọ̀ á ní kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn táyà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ariwo náà ń tẹ̀ lé. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tó sì dá, ẹ sáré dé nǹkan bíi 60 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀ tí kíkùn ò dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ rọra yà sósì: ẹrù ọkọ̀ á tẹ apá ọ̀tún, bí ariwo bá le sí i, bíárìn ọ̀tún la ó kọ́kọ́ fura sí. Ohùn táyà tó jẹ ségesège a máa yí padà bí ọ̀dà ojú ọ̀nà bá yí padà. Ti jíà ẹ̀yìn ńkọ́? Ìgbà tí ẹ bá tẹná tàbí tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ni tirẹ̀ ń yí.

Àwọn kan á ní etí àgbà mẹkáníìkì ti tó. Etí náà ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ irin ṣaṣí ń gbé ohùn kiri. Ariwo ẹ̀yìn lè dún bíi pé iwájú ló ti wá. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ fi nǹkan tó lágbára tì í lábẹ́, ẹ wá fọwọ́ kan yí táyà, kí ẹ gbé èkejì lé sípíríńgì. Bíárìn tó ti jẹ á máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka yín. Ẹni tó ní ó ti pẹ́ tó ń kùn, kò sì ṣe nǹkan kan, kó rántí pé bíárìn tó bá gbóná jù lè gan, tàbí kí táyà yọ lórí eré pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù.